Oyè Ọ̀gá Tó Dí Ẹnu Ọ̀nà Sáfà

Ẹni tó bá gbé nǹkan kaná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná kó tó wá jókòó tì mí, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀gá tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lóòró. Ẹ ti rí ọ̀gá tó ń pariwo rí, ẹ sì ti rí ọ̀gá tó ń sùn lórí àga. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ẹ-Dìde tó bá ti kọjá tán, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, a sì dúpẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń forúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe olórí rẹ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ ò le. Ẹni tó bá nílò iṣẹ́ abẹ ojú á fi orúkọ sílẹ̀, wọn á fún un ní ọjọ́, á sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ọgọ́ta ààyè ló wà lóṣù kan. Tẹ́lẹ̀, orí bẹ́ǹṣì onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni àwọn aláìsàn ti máa ń dúró láti àfẹ̀mọ́jú, ẹni tó bá yára ló ń rí ààyè. Wọ́n wá ní kó di ti orí fóònù: kí èèyàn tẹ orúkọ rẹ̀ láti ilé, kí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní sáfà, tó wà nínú yàrá tútù lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà, gba orúkọ yẹn kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tó dára ni. Ọ̀gá ni kò jẹ́ kó dára bọ̀rọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ẹ-Dìde ni pé tó bá ń bọ̀ ní kọ́rídọ̀, akọ̀wé rẹ̀ á ti ṣáájú, á máa ké pé kí wọ́n dìde. Ẹni tó wà lórí fóònù á dìde, ẹni tó ń mu omi á dìde, ẹni tó ń bu oúnjẹ sẹ́nu á dìde tòun ti ṣíbí. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan ń tún páìpù ṣe lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́. Ó gbọ́ igbe yẹn, ó dìde, ó sì forí gbá irin gbàà. Ọ̀gá dúró, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní irú ìbọ̀wọ̀ báyìí ti ń tán lọ láyé.

Lẹ́yìn ìdìde ni oyè. Ẹ̀yin ará, ọ̀gá yìí fẹ́ràn oyè bí èèrà ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Àwọn òṣìṣẹ́ sì ti mọ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń gbálẹ̀ fẹ́ gba ìgbálẹ̀ tuntun, wọ́n fi jẹ Baba Ìmọ́tótó, ìgbálẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Àwọn awakọ̀ fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ táyà, wọ́n fi jẹ Atọ́nà Tí Kì í Ṣìnà. Àwọn tó ń tún fáànù ṣe, àwọn onífótò, àwọn tó ń ta bébà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní oyè tó fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀, oyè náà ti kún ojú ìwé mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ ni akọ̀wé ń kà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ sì ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń la ojú sùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀gá sílẹ̀ ná ká lọ sí yàrá sáfà, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tí mo ń tẹ̀ lé wà. Obìnrin kan ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ sáfà wò kí ará ìlú tó máa lò ó. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà, kò ju ogójì ìlà lọ, ó sọ ọ́ ní Kànkùn, kò sì pẹ́ tí gbogbo èèyàn fi ń pe òun alára ní Ìyá Kànkùn. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ni Kànkùn mọ̀. Á kan ilẹ̀kùn sáfà, á béèrè ohun kan, á sì mú èsì wá bí sáfà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kò ní bu iyọ̀ sí i. Nọ́ńbà ni èsì náà. Bí sáfà bá sọ pé igba, ó ti gbà á nìyẹn. Bó bá sọ pé irinwó lé mẹ́rin, ohun tí wọ́n ń wá kò sí níbẹ̀. Bó bá sì sọ pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó ti dákú, kí wọ́n wá gbé e. Àwọn kan nínú yàrá náà ní ètò ńláńlá tó ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ wà níta, kí ló dé tí kò mú ọ̀kan. Ó ní ètò tí òun lè rí inú rẹ̀ já ni òun fẹ́.

Ó ní ìdí tó fi fẹ́ kí sáfà náà yè kooro. Aránṣọ ni bàbá rẹ̀. Ojú òsì bàbá ti lọ tán, ti ọ̀tún sì ti ń ṣú bọ̀. Ìka ló fi ń wá ojú abẹ́rẹ́ báyìí. Dókítà ti sọ fún wọn pé bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìṣiṣẹ́ abẹ, òun ò ní lè ṣèlérí mọ́ nípa èyí tó kù. Ìyá Kànkùn ti kọ́kọ́ dá a lábàá pé òun lè bá a fi orúkọ sí i kí wọ́n tó ṣí ìwé náà, bàbá sì ti dá a lóhùn pé òun kò fi ogójì ọdún rán aṣọ fún èèyàn ní ìtòtẹ̀léra kí òun tó wá máa gba ẹ̀yìn wọlé. Ó ní òun á tẹ̀ ẹ́ bí gbogbo èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí ọ̀gá wá wo yàrá sáfà ni nǹkan dàrú. Wọ́n dìde, wọ́n ka oyè, òtútù yàrá náà sì mú akọ̀wé débi pé eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn ní ojú ìwé kẹta. Ọ̀gá wá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà Ìyá Kànkùn.

"Kí ni nǹkan yìí ń sọ fún sáfà mi?"

"Ó ń sọ pé kó fún òun ní ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀, sà."

"Ó kí i ná?"

"Kì í kí i, sà. Ó kàn ń béèrè ni."

Ọ̀gá wo akọ̀wé, akọ̀wé mirí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ọ̀gá ní ohun tí òun ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyí, pé wọ́n ti sọ ayé di ibi tí ẹ̀rọ pàápàá kò ti ní ẹ̀kọ́ ilé mọ́. Ó ní ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn àgbà, ṣé kò ní sọ ẹni tó rán an ni? Ó sì pàṣẹ lójú ẹsẹ̀ pé ohunkóhun tó bá fẹ́ bá sáfà sọ̀rọ̀ láti orí fóònù ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka oyè òun tán, gbogbo oyè, láìfo ọ̀kan.

Ìyá Kànkùn fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí sáfà ló ní orí, bíi ẹ̀yìn àpòòwé tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí, ààyè ibẹ̀ sì níwọ̀n. Lẹ́tà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni sáfà lè gbà níbẹ̀. Bó bá fi ẹyọ kan lé, kò ní ka ohun tó wà nínú rẹ̀ rárá. Á lé e padà lẹ́nu ọ̀nà, á ní irinwó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìyẹn ni pé orí iṣẹ́ yín ti tóbi jù.

"Ṣé sáfà ló fẹ́ máa wọn oyè fún mi ni?" ni ọ̀gá béèrè, kò sì retí ìdáhùn.

Odidi ọjọ́ méjì ni akọ̀wé fi ka lẹ́tà oyè náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku ogójì kó pé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Wọ́n bá kó o sí i, ó sì gbà á, bí ẹni tó wọ bàtà ọmọdé tó sì ní ó ṣe rẹ́gí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Kànkùn kó àbájáde àyẹ̀wò wá sípàdé. Igba pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n irinwó lé mẹ́rin wà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sì wà níbi mẹ́ta, bó ṣe máa ń rí nídìí ẹ̀rọ tuntun. Ọ̀gá fi ìka tẹ ọ̀kan. Ó béèrè pé ta ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yìí, ta ló gbà á síṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ojú rẹ̀ le. Ó dìde, ó tún jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ó sì sọ̀rọ̀ fún bíi ogójì ìṣẹ́jú lórí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè, lórí ọ̀tá ìlọsíwájú, lórí ìyá rẹ̀ tó bí i ní ọjọ́ tí oòrùn ń ràn. Nígbà tó máa fi jókòó, ó ti di òfin pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni sáfà gbọ́dọ̀ máa sọ jáde, ìyẹn igba.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù o. Ẹni tí ibà ń ṣe tó sì fọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ibà, ṣebí ẹ ti rí i rí. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń wá ìgbéga nínú wọn bá fi ìbòjú sí ẹnu ọ̀nà iwájú sáfà. Ohun yòówù kí sáfà sọ nínú, bó ṣe ń jáde sí ojú fóònù ni pé: Ó dára, a ti gba orúkọ yín. Wọ́n ní kí Ìyá Kànkùn tún yẹ ẹ́ wò láti iwájú, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ igba látòkè délẹ̀. Omi lé sójú ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n fi férémù sí àbájáde náà kí wọ́n gbé e kọ́ sẹ́yìn àga òun.

Ó wá ku ìwé kan ṣoṣo, ìwé tí ẹni tó yẹ sáfà wò máa fọwọ́ sí pé kò sí àbùkù. Ìyá Kànkùn ní òun ò fọwọ́ sí i. Akọ̀wé kò bá a jà. Ó kàn rọra sọ fún un pé ilé ìkẹ́rùsí kan wà ní ẹ̀ka tó jìnnà jù, wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn ka páálí. Obìnrin yìí ro bàbá rẹ̀, ó ro ẹni tó máa máa mú un lọ sílé ìwòsàn bí òun bá wà níbi páálí. Ó bá gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí ìbòjú ò sí, ó fi Kànkùn bá sáfà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó kó oyè lé e lórí, sáfà gbà á, orúkọ àdánwò kan sì wọlé lóòótọ́, ó sì pa á rẹ́. Ó bá kọ ọ́ pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, bí wọn kò bá ti fi ohun tó ju ogójì lẹ́tà lọ kún oyè ọ̀gá. Ó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé mú ọ̀dà funfun, ó fi pa ìdajì tó kẹ́yìn rẹ́, ó ní ìwé ọ̀gá kì í ní "bí" nínú.

Ọjọ́ ìṣíde dé. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ìwé máa ṣí. Wọ́n kó ẹgbẹ̀ta àga oníke sí gbọ̀ngàn, àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn sì kún un, fóònù lọ́wọ́. Bàbá aránṣọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀, ìyàwó kan tó ń bá a ka ohun tó wà lójú fóònù. Kọmíṣánnà ni àlejò pàtàkì, obìnrin àgbà kan tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó bọ́ sí ìjọba. Gbogbo ẹgbẹ́ tó fún ọ̀gá lóyè ló jókòó níwájú. Àwọn tó yá wọn ní àga náà sì ti bẹ ọ̀gá wò ní aago mẹ́jọ àárọ̀ yẹn, wọ́n fẹ́ kó máa pe àwọn nígbà gbogbo, wọ́n bá fi jẹ Olùgbéga Àga Oníke àti Alátìlẹ́yìn Ìjókòó Gbogbo Mùtúmùwà. Akọ̀wé kò jẹ́ kó tutù. Ó sáré lọ fi kún ti orí sáfà, ó fẹ́ fi ya ọ̀gá lẹ́nu. Ẹ ti mọ iye ààyè tó kù níbẹ̀.

Aago mẹ́wàá lù. Ọ̀gá tẹ bọ́tìnnì kan tí kò so mọ́ ohunkóhun, àwọn èèyàn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù wọn. Lórí pátákó oníná ńlá tó wà níwájú gbọ̀ngàn, wọ́n ti ṣètò kó máa ka iye èèyàn tí sáfà bá sọ fún pé ó dára. Ó di igba, ó di ẹgbẹ̀rún kan, ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta nítorí àwọn tó wà nílé náà ń tẹ̀ ẹ́. Àtẹ́wọ́ gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ọ̀gá na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá òrùlé mọ́ra.

Inú yàrá tútù ni Ìyá Kànkùn wà. Ó gba ẹ̀yìn béèrè lọ́wọ́ sáfà pé orúkọ mélòó ló ti wọlé. Òdo ni. Ó kó oyè lé Kànkùn lórí, ó rán an, irinwó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló mú wá. Ó bọ́ oyè kúrò lórí rẹ̀, ó tún rán an, sáfà dáhùn geerege. Ó pe akọ̀wé lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ oyè tó fi kún un. Akọ̀wé ní ṣé orí òun pé tí òun á fi yọ oyè èèyàn tí àwọn tó fún un jókòó níwájú.

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni bàbá rẹ̀ pè. Bàbá ní aládùúgbò ti kà á fún òun, wọ́n ti gba orúkọ òun, kó bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ gidigidi, Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ti ń yọ̀ sórí irọ́, bàbá tirẹ̀ wà nínú wọn, oṣù kẹta tí dókítà dá fún wọn sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú tó kù. Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ orúkọ bàbá rẹ̀ sínú Kànkùn, ó rán an gba ẹ̀yìn. Igba. Igba tòótọ́ ni. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wá ní orúkọ kan ṣoṣo nínú.

Ní gbọ̀ngàn, Kọmíṣánnà ti ń wo pátákó yẹn láti ìgbà díẹ̀. Ó fi ohùn jẹ́ẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé ààyè mélòó ni wọ́n ní lóṣù yìí. Ọ̀gá ní ọgọ́ta. Kọmíṣánnà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yìí ńkọ́, ibo ni wọ́n kó wọn sí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àṣeyọrí kì í ní ìwọ̀n, màámi. Kọmíṣánnà ní òun ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ èèyàn ní ìyọkúrò, kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé ìwé náà sórí pátákó kí òun rí i.

Akọ̀wé sáré wá sí yàrá sáfà, ó ń mí hẹlẹ. Ìyá Kànkùn ti gbé ìka lé bọ́tìnnì tó máa fi pa orúkọ bàbá rẹ̀ rẹ́. Bó bá pa á rẹ́, ojú ò ní tì í. Ṣùgbọ́n ìwé á ṣófo, ọ̀gá á ní sáfà ló bàjẹ́, wọn á tún gbé òmíràn wá lẹ́yìn ọdún kan, oyè náà á sì tún gun orí ìyẹn. Orúkọ kan yìí nìkan ló lè fi hàn pé sáfà ò ṣàìsàn. Ó gbé ìka kúrò, ó tẹ̀ lé akọ̀wé lọ sí gbọ̀ngàn.

Orúkọ kan ṣoṣo jáde lórí pátákó. Kọmíṣánnà kà á síta. Ní àárín gbọ̀ngàn, aránṣọ kan rọra dìde, ó ní òun nìyẹn, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kọmíṣánnà béèrè pé báwo ni ó ṣe jẹ́ òun nìkan.

"Bàbá mi ni, mà," ni Ìyá Kànkùn wí. "Èmi ni mo gba ẹ̀yìn fi orúkọ wọn sí i. Ẹnikẹ́ni mìíràn ò wọlé. Gbogbo 'ó dára' tí ẹ̀ ń rí yẹn, irọ́ ni."

Bàbá rẹ̀ jókòó. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ti wá.

Ìyá Kànkùn wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìbòjú, oyè, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Kọmíṣánnà kọjú sí ọ̀gá, ó ní kí wọ́n yọ oyè náà kúrò kí àwọn aláìsàn lè wọlé. Ẹ̀yin ará, ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe fún ọkùnrin yìí ní ọ̀nà àbáyọ tó gbòòrò bí títì. Ká ní ó ní kí wọ́n yọ ọ́ ni, ọjọ́ náà ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣejù baba àṣetẹ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní bóyá kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ti àga oníke. Àwọn tó ni àga dìde, wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ tí a sọ láàárọ̀ ló ti di ẹ̀tàn kí oòrùn tó mú. Ọ̀gá bẹ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n yọ Baba Ìmọ́tótó nígbà náà. Olórí àwọn agbálẹ̀ ní kò burú, ẹ̀yin náà ẹ máa gbá ọ́fíìsì yín láti ọ̀la. Ó bọ́ sórí ti awakọ̀, awakọ̀ rẹ̀ na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí i. Onífótò tó ń ya àwòrán rẹ̀ láti àárọ̀ pa kámẹ́rà. Kò sí oyè tí kò ní alátìlẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹgbẹ́ kan ń ti ìkejì, àga ń ṣubú, ọ̀gá sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú ojú ìwé mẹ́rin, ó ń fi bírò wá èyí tí òun lè pàdánù, kò rí ọ̀kan. Gbogbo àkókò yẹn, àwọn afọ́jú jókòó, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Kọmíṣánnà ní kí Ìyá Kànkùn lọ yọ gbogbo rẹ̀, kó sì ya ìbòjú náà dànù. Ìyá Kànkùn ní òun á ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan ṣáájú. Níwájú gbogbo wọn, ó fi kọ̀ǹpútà tó so mọ́ pátákó pa orúkọ bàbá rẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà ló yọ oyè, lẹ́yìn náà ló yọ ìbòjú.

Nígbà tí wọ́n tún ìwé ṣí, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọgọ́ta ààyè fi kún. Àwọn tó kù rí ohun tí sáfà sọ gan-an: kò sí ààyè mọ́, ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Inú àwọn wọ̀nyí ni bàbá aránṣọ wà. Ẹsẹ̀ ni òun àti ọmọ rẹ̀ fi rìn délé. Ní ẹnu ọ̀nà, bàbá sọ fún un pé ààyè tí òun pàdánù kò dun òun. Ohun tó dun òun ni pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun lórí ohun tí òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀ rẹ̀, òun sì dìde gbà á. Ìyá Kànkùn kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní òun ti gbọ́, kó dìde, ilẹ̀ tutù.

Ní ti ọ̀gá, Kọmíṣánnà kọ lẹ́tà sí i lọ́jọ́ kejì pé kó fi ipò sílẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá dá a padà, ó ní kì í ṣe òun ni wọ́n kọ ọ́ sí, òun ò mọ ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un kọ, wọ́n fi oyè méjì sí i, ó tún dá a padà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń wá síbi iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, àpòòwé kan dé tó nípọn bí búrẹ́dì. Ọ̀gá tú u, ó rí i pé oyè òun pé pérépéré síbẹ̀, ti àga oníke pàápàá wà níbẹ̀. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Kò jẹ́ kí akọ̀wé bá òun kà á, ó ní èyí, òun fúnra òun ló máa kà á. Ó fi ohùn tó dùn ka ojú ìwé kìíní, ó ka ìkejì, ó ń dánu dúró kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Ó ka ìkẹta àti ìkẹrin. Ó ṣí ìkarùn-ún, ó sì ti ka ibẹ̀ jáde kó tó mọ̀: "Ẹ máa lọ sílé." Àwọn òṣìṣẹ́, tó ti mọ́ lára, tún pàtẹ́wọ́.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, bàbá aránṣọ fi ìka ara rẹ̀ tẹ fóònù ní aago mẹ́wàá gééré. Ìyá Kànkùn ń wo ìwé náà láti yàrá sáfà, ó ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ apá kó má bàa fọwọ́ kan nǹkan kan. Orúkọ bàbá wọlé, ìkẹtàdínlógún ni. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá ṣẹ́jú, ó wo fèrèsé, ó wo nọ́ọ̀sì, ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka méjì mú etí aṣọ tó wà lọ́rùn ọmọ náà, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹjú mọ́ ojú òwú ìránṣọ tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ.

"Ta ló rán jákujàku yìí fún ọ?"

Nọ́ọ̀sì, tó ti fura ẹni tó rán an, wojú Ìyá Kànkùn, ó ṣẹ́jú sí i pé kó wá irọ́ kan pa.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá mi," ló wí. "Lọ́dún tó kọjá."

Bàbá ń fi ìka tọ ojú òwú náà lọ títí ó fi dé èjìká. Ó wá ní bí wọ́n bá délé, kó bọ́ ọ, òun fẹ́ tú u.